Ilé Gbígbà ní Ìdálẹ̀: Ká Kàwé Kí Á Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ẹdẹ

Ẹ ti oko dé, ẹ ti ọjà dé, ó sì ti rẹ̀ yín. Síbẹ̀ ẹ gbé ìwé yín, ẹ wá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè làálàá yín.

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ilé tí a bí wa sí, bí kò ṣe ilé tí a ó gbé bí a bá rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn. Agbo ilé tí kò ní ẹnì kan lẹ́yìn odi ṣọ̀wọ́n lóde òní. Òmíràn wà ní Gánà, òmíràn wà ní Abidjan, òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí pàápàá, ẹlòmíràn lè máa múra àtilọ bá ọmọ tàbí ọkọ rẹ̀.

Bí a bá ń múra irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, a máa ń ro aṣọ. A máa ń di gàrí, a máa ń di èlùbọ́, a sì máa ń wá ẹ̀bùn fún àwọn tí a ń lọ bá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè pé: “Níbo ni n ó máa gbé? Ìwé wo ni onílé yóò bi mí? Èló ni òfin ìlú náà ní kí n san?” Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sọ́kàn: Nílé, ẹbí ni ó ń fún ni ní yàrá, ní ìdálẹ̀, ìwé ni. Ẹni tí ó bá ka ìwé kí ó tó sanwó ni yóò sùn, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

ILÉ WA ÀTI ILÉ ÌDÁLẸ̀

Ní Ẹdẹ Mápó Arógun yìí, ọmọ kì í san owó ilé ní agbo ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá gbéyàwó, wọn a wá yàrá fún un. Bí ó bá fẹ́ kọ́lé, àwọn àgbà ẹbí a fi ilẹ̀ hàn án. Bí ìjà bá dé, baálé a dá sí i. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé tọmọdé tàgbà ni ó mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ìtàn sọ fún wa pé láti Ọ̀yọ́ ni Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná ti wá tẹ̀dó síbí. Àṣẹ Aláàfin àti ọfà ọwọ́ rẹ̀ ni ó dúró bí ìwé fún un. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà.

Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kún ìlú wa. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Pólì sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní ọdún 1992, ọ̀pọ̀ nínú wa ti di onílé fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn yunifásítì náà tún dé lẹ́yìn ìgbà náà. Bí ọmọ bá wá gba yàrá lọ́wọ́ wa, kí ni a máa ń bi í? “Ọmọ ibo ni ọ́? Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe? Ta ni yóò dúró fún ọ?” A kì í fún un ní kọ́kọ́rọ́ kí a tó gba owó.

Bí a ti ń wo àlejò wa, bẹ́ẹ̀ gan-an ni onílé ìdálẹ̀ yóò ṣe máa wo àwa náà. Kò mọ bàbá wa. Kò gbọ́ oríkì wa rí. Ìwé wa nìkan ni yóò fi mọ̀ wá. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí inú bí yín bí ó bá béèrè ìwé. Bí ẹ̀yin náà bá sì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kò ṣẹ̀ ẹ́.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ GÁNÀ

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò díẹ̀.

Kí Gánà tó gba òmìnira ní ọdún 1957, nígbà tí wọ́n ń pè é ní Gold Coast, àwọn ènìyàn wa ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò. Wọ́n lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin, láti Ṣakí, àti láti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n pàtẹ ní Accra, wọ́n pàtẹ ní Kumasi, wọ́n pàtẹ títí dé Tamale ní òkè. Wọ́n rí ṣe, wọ́n bímọ, òmíràn sì kọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ìwé ìgbélùú rí. Ta ni yóò gbà á, nígbà tí kò sí ẹni tí ń béèrè rẹ̀?

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Kí ni ẹni tí ó ti lo ogún ọdún níbì kan yóò rí ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì? Àwọn tí ó ní ọjà ta á ní ọ̀pọ̀. Àwọn tí ó ní ilé fi í lé ọ̀rẹ́ tàbí ayálégbé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó padà sílé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé.

Kí á má fi igbá kan bo ọ̀kan nínú. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba wa pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kúrò nílẹ̀ wa, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni a ń pè ní “Ghana-must-go” títí di òní. Nítorí náà, kì í ṣe pé ìlú kan burú ju òmíràn lọ. Ohun tí a rí kọ́ ni pé àlejò tí kò ní ìwé kò ní ohun tí yóò fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá yí padà.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti ọdún 1992 sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà kò lè ní ilẹ̀ níbẹ̀ títí ayé. Ó lè yá ilẹ̀, ṣùgbọ́n yíyá náà kò gbọdọ̀ ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àlejò tí wọ́n ti ní ilẹ̀ tiwọn pátápátá ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1969 ńkọ́? Òfin sọ ilẹ̀ wọn di yíyá fún ọdún 50, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ mú pẹ́ńsù yín, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: 1969, ẹ ro 50 mọ́ ọn, ó di 2019. Ọdún náà ti pé, ó ti kọjá.

Bí ẹnì kan nínú wa bá ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Gánà sínú àpótí, kí ó má rò pé ìwé náà ṣì ń jẹ́ ohun tí ó ń jẹ́ láyé bàbá rẹ̀. Kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tí ó mọ òfin Gánà, kí ó tó ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

ÈLÓ NI ÒFIN NÍ KÍ Á SAN?

Ibi tí a bá dé ni a ń dá ẹsẹ̀ sí ìlù wọn. Òfin owó ilé ní ìlú kan kì í ṣe ti ìlú kejì. Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ mẹ́ta.

Ìkíní, Gánà. Òfin owó ilé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1963 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù 6 lọ ṣáájú. Bí owó yàrá bá jẹ́ 500 sídì lóṣù, owó oṣù 6 jẹ́ 3,000 sídì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ń béèrè owó ọdún kan tàbí ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ òfin yóò lè dúnàádúrà. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lè gbé ẹjọ́ lọ bá wọn.

Ìkejì, Côte d'Ivoire. Àwọn aládùúgbò wa ní Èjìgbò ni ó mọ ọ̀nà Abidjan jù. Ẹ ó gbọ́ Faransé ní ọjà wọn bí ẹni pé Faransé ni èdè bàbá wọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹfà ọdún 2018 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó oṣù 2 lọ fún ìdógò, àti owó oṣù 2 ṣáájú. Bí owó ilé bá jẹ́ 50,000 sẹ́fà lóṣù, ìdógò jẹ́ 100,000, owó ìṣáájú jẹ́ 100,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200,000 sẹ́fà. Ti ilẹ̀ oko ńkọ́? Òfin wọn ti ọdún 1998 kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà láàyè láti ní i. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ilẹ̀ oko fún yín níbẹ̀, ẹ sáré lọ bá lọ́yà.

Ìkẹta, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 jìyà kí wọ́n tó rí yàrá. Onílé mìíràn a lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, nípa ọmọ Áfíríkà kan tí ó ń wá yàrá, tí obìnrin onílé sì ń bi í lórí tẹlifóònù pé báwo ni ó ṣe dúdú tó. Ní ọdún 1968 ni òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé sí ẹ̀ṣẹ̀.

Lónìí, òfin ọdún 2019 sọ pé ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ 5 lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó 50,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí owó ilé bá jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn lóṣù, ó jẹ́ 12,000 lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Owó ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ bí 230 pọ́n-ùn, owó ọ̀sẹ̀ 5 sì jẹ́ bí 1,153. Bí ẹ bá fi owó oṣù àkọ́kọ́ kún un, ó di bí 2,153 pọ́n-ùn. Ẹ gbọ́dọ̀ ní èyí lọ́wọ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí onílé tàbí alágbàtà bá fẹ́ gba owó pé ẹ wá wo ilé, òfin kò gbà á láàyè.

Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2025 sọ pé láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2026, onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù kan lọ ṣáájú. Ẹ kíyè sí i pé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń sọ. Skọ́tílándì ní òfin tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ ìdógò yìí. Ìdógò kì í ṣe owó onílé. Owó ayálégbé ni, tí ó wà nípamọ́ bí a bá ba nǹkan jẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2007, onílé kò gbọdọ̀ fi í sápò lásán. Ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì fún ayálégbé ní ìwé rẹ̀ láàrin ọjọ́ 30. Bí ọjọ́ 30 bá pé tí ẹ kò rí ìwé, ẹ béèrè.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ìmúra sílẹ̀ ni ogun àgbà. Kí ẹ tó fi Ẹdẹ sílẹ̀, ẹ kó ìwé wọ̀nyí jọ sínú àpò kan.

Èkíní ni pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbélùú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2016, onílé gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni tí ó fẹ́ gba ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò sanwó ìtanràn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí ọ̀pọ̀ àlejò wà nísinsìnyí. Ènìyàn yóò gba nọ́ńbà kan níbẹ̀, yóò sì fún onílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ yín bí a ti ń ṣe é kí ẹ tó lọ.

Èkejì ni ìwé iṣẹ́, tí ó sọ iye owó tí ẹ ó máa gbà. Bí ẹ kò bá ní iṣẹ́, onílé lè béèrè ẹni tí yóò dúró fún yín.

Èkẹta ni ìwé báǹkì, tí ó fi owó yín hàn.

Ẹ rí i pé orúkọ kan náà ni ó wà lórí gbogbo ìwé náà. Àwa Yorùbá ní orúkọ púpọ̀. Bí pásípọ́ọ̀tù bá ń jẹ́ Àjàní, tí ìwé báǹkì ń jẹ́ Mùfútáù, onílé ìdálẹ̀ yóò rò pé ènìyàn méjì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ bá ọmọ, ẹ má ṣe bínú sí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Nílé wa, ìyá kì í gba àṣẹ kí ó tó wọ ilé ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀hún, ìwé àdéhùn ọmọ yín lè sọ iye ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ gbé inú ilé náà. Bí ó bá gbà yín láìsọ fún onílé, wàhálà lè dé bá gbogbo yín. Nítorí náà, bí ọmọ bá sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀,” kò kọ̀ yín. Ilé ni ó ń tún ṣe dè yín.

Ẹ WO ILÉ, Ẹ WO ONÍLÉ

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ èyí dáadáa. Wọ́n a gbé àwòrán ilé rèǹtè-rente sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n a ní owó rẹ̀ kò wọ́n. Wọ́n a ní àwọn kò sí nítòsí, nítorí náà kí ẹ fi owó ránṣẹ́, àwọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Wọ́n a ní kí ẹ ṣe kíá, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sanwó yóò gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ ní ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Gbájú-ẹ̀ mìíràn yóò sọ Yorùbá sí yín. Yóò ní ọmọ Ẹdẹ ni òun, yóò kí yín bí ọmọlúwàbí. Ẹ dáhùn, ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìkíni yọ owó.

Nítorí náà, ẹ má san owó ilé tí ẹ kò rí. Bí ẹ kò bá tíì dé ọ̀hún, ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó lọ wò ó. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ fi ojú ara yín wá ilé nígbà tí ẹ bá dé.

Bí ẹ bá dé inú ilé náà, ẹ wò ó fínnífínní. Ẹ yí omi ẹ̀rọ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tì í. Ẹ fọwọ́ kan ògiri bóyá ó rin. Ní ìlú òtútù, ògiri tí ó rin a máa hu èèbù, ó sì lè ba èémí ọmọdé jẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ń mú ilé móoru àti iye tí ó ń ná ni lóṣù. Ẹ béèrè bí ó ti jìnnà tó sí ibi iṣẹ́ àti iye owó ọkọ̀. Ilé tí kò wọ́n, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n, ó ti wọ́n náà nìyẹn.

ÌWÉ ÀDÉHÙN

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti wúlò jù nìyí. Láyé ìgbà kan, ẹni tí kò mọ̀wé a tẹ̀ka síbi tí wọ́n bá fi hàn án. Ẹ̀yin ti kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ wá ohun méje yìí nínú rẹ̀:

1. Orúkọ onílé àti ibi tí a ti lè rí i.
2. Ojúlé àti àdúgbò ilé náà.
3. Iye owó ilé, àti ọjọ́ tí a ó máa san án.
4. Ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àti bí a ó ti ṣe bí a bá fẹ́ kúrò.
5. Iye ìdógò, àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.
6. Owó mìíràn tí ayálégbé yóò san: iná, gáàsì, omi, àti owó-orí ilé ti ìjọba ìbílẹ̀.
7. Ẹni tí yóò tún ilé ṣe bí ó bá bàjẹ́.

Bí èdè ìwé náà bá le, ẹ má tijú. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sílé kí n kà á.” Ẹ mú un lọ fún ẹni tí ó gbọ́ èdè náà jù yín lọ. Onílé tí kò bá fẹ́ kí ẹ ka ìwé rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ ya àwòrán gbogbo yàrá. Ibi tí ó ti ya tẹ́lẹ̀, ibi tí ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí onílé sì fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá ń jáde, wọn lè sọ pé ẹ̀yin ni ẹ fọ́ ọ, wọn a sì yọ owó rẹ̀ nínú ìdógò. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì. Ẹnu kì í ṣe rìsíìtì.

BÍ Ó BÁ DI RÍRÀ

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gba àlejò láàyè láti ra ilé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ilé rírà kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ènìyàn lè ní ilé níbẹ̀ kí wọ́n sì ní kí ó padà sí ìlú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ni kì í rí owó ilé san lẹ́ẹ̀kan. Báǹkì a yá wọn, wọn a sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó apá kan jọ. Èsúsú tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà wúlò níhìn-ín. Àwọn baba ńlá wa gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní “susu” títí di òní. Àwọn ará erékùṣù Jàmáíkà tí wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 náà ní irú èsúsú tiwọn. Nígbà tí báǹkì kò fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó, òun ni ọ̀pọ̀ wọn fi ra ilé. Kò yẹ kí àwa tí a ni èsúsú gbàgbé rẹ̀.

Kí ẹ tó ra ilé, ẹ ṣe ohun mẹ́rin. Ẹ gba lọ́yà tiyín. Ẹ má lo lọ́yà ẹni tí ń tà á. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo ìwé ìjọba níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó ni ilé sí, kí ó lè dájú pé ẹni tí ń tà á ni ó ni ín. Ẹ gba ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kí ó yẹ òrùlé àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ sì rí i pé orúkọ tiyín ni ó wà lórí ìwé. Ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra ilé ní orúkọ ẹlòmíràn, ó ti fi ẹran sílé ológbò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí lọ́yà, bí lẹ́tà kan bá dé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ ti yí padà, ẹ má fi owó ránṣẹ́. Ẹ fi tẹlifóònù pe lọ́yà náà ní nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Olè a máa dúró sójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ ọ̀rọ̀ yìí láti dẹ́rù bà yín. Àjò dára, ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ẹni tí ó bá sì ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀ yẹ kí ó rí ibi sinmi ní ìrọ̀lẹ́, láìbẹ̀rù pé ẹnì kan yóò lé òun jáde ní òwúrọ̀. Ẹ ti ní ohun tí yóò ràn yín lọ́wọ́: ẹ mọ̀ ọ́n kọ, ẹ mọ̀ ọ́n kà. Ẹ lò ó.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìjọba Gánà kéde ní ọdún 1969? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún àwọn àlejò?
2. Ta ni ó ni owó ìdógò, onílé ni tàbí ayálégbé?
3. Bí owó ilé bá jẹ́ 60,000 sẹ́fà lóṣù ní Abidjan, ẹ ṣírò ìdógò àti owó ìṣáájú tí òfin gbà láàyè.
4. Kọ ohun méje tí ó yẹ kí á wá nínú ìwé àdéhùn.
5. Ọmọ ìlú yín kan ní kí ẹ fi owó ilé ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ilé náà. Kí ni ẹ ó sọ fún un?